Àwòrán CT: Bí A Ti Ń Wo Inú Àyà Láì Fi Ọ̀bẹ Kàn Án

Egbò ẹsẹ̀ hàn sí ojú, oówo a sì máa wú títí gbogbo ilé yóò fi mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ wà ní ẹ̀yìn egungun ìhà, níbi tí ojú kò lè dé, tí ọwọ́ kò sì lè tẹ̀. Ìdí nìyí tí àrùn inú àyà fi í pẹ́ lára kí a tó mọ irú èyí tí ó jẹ́. Ẹni kan ń wúkọ́ ní Osi, ẹlòmíràn ń wúkọ́ ní Iloffa. Ohùn ikọ́ kan náà ni etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀kan lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti èkejì òtútù àyà, ti ẹ̀kẹta èéfín igi ìdáná tí ó ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró láti ogún ọdún, ti ẹ̀kẹrin sì lè jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn.

Ní ìgbà tiwa yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìlú wa wọ̀nyí ni ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tí dókítà sì wí fún wọn pé kí wọn lọ ya àwòrán CT àyà. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ iye owó rẹ̀, àwọn kan a pa dà sílé, wọn a sì jókòó ti àìsàn náà. Àwọn mìíràn a ta iṣu èbù tí wọn ìbá gbìn, kí wọn lè ya àwòrán tí kò tíì yẹ kí wọn yà. Àwọn ẹ̀kẹta rò pé bí a bá ti ya àwòrán náà tán, àrùn ti lọ nìyẹn. Ó yẹ, nítorí náà, kí olúkúlùkù mọ ohun tí CT jẹ́, ohun tí ó lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe.

ÀWÒRÁN X-RAY ÀTI IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ PIN SÍ

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù November, ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Wilhelm Conrad Röntgen, rí ìtànṣán kan ní ìlú Würzburg, èyí tí ó lè gba inú ẹran ara kọjá. Nítorí pé kò mọ irú ìtànṣán tí ó jẹ́, ó sọ ọ́ ní X. Ìtànṣán yìí a máa gba inú afẹ́fẹ́ àti ẹran ara tí ó fúyẹ́ kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n egungun a dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Nípa bẹ́ẹ̀ egungun a hàn ní funfun nínú àwòrán, ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ a sì hàn ní dúdú.

Iṣẹ́ ńlá ni X-ray ń ṣe títí di òní, òun ni a sì kọ́kọ́ ń yà fún àyà. Ṣùgbọ́n òjìji ni. Bí ènìyàn mẹ́ta bá tò sí ẹ̀yìn ara wọn níwájú fìtílà, òjìji kan ṣoṣo ni yóò hàn lára ògiri. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ẹni tí ó wà láàárín gbé ọmọ pọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwòrán X-ray ṣe ń to egungun ìhà, ọkàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró lé ara wọn. Kókó kékeré tí ó bá fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ọkàn lè ṣàì hàn rárá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà láàárín àwọn mẹ́ta náà yóò gbé fìtílà yí wọn ká, yóò sì máa wo òjìji wọn láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Àwọn agbẹ́gilére mọ èyí. Areogun ti Osi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1954, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní òkè òkun, kò lè ti ìhà kan ṣoṣo gbẹ́ ère. Agbẹ́gilére ní láti yí igi ká. Yíyí ká yìí ni ìpìlẹ̀ CT.

ÀWỌN TÍ Ó ṢE É

Àwọn méjì ni ó ronú ọ̀ràn yìí já, láìjẹ́ pé wọ́n ṣe é pọ̀. Èkíní ni Allan Cormack, tí a bí ní Johannesburg ní ilẹ̀ South Africa ní ọdún 1924. Ní ọdún 1956 ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú bí a ti lè fi ìṣirò mọ inú ohun kan láti ara ìtànṣán tí ó gba inú rẹ̀ kọjá. Ó tẹ ìṣirò náà jáde ní ọdún 1963 àti 1964, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fiyè sí i púpọ̀ nígbà náà.

Èkejì ni Godfrey Hounsfield, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọdún 1919, tí ó sì dàgbà ní oko, níbi tí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ fa ọkàn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ EMI, tí ayé mọ̀ mọ́ àwo orin, ni ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó fi dán ọ̀ràn náà wò lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ọjọ́ mẹ́sàn-án láti wo ohun kan ṣoṣo. Ọpọlọ màlúù ni ó ń lò láti fi dán an wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October, ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní London, a fi ẹ̀rọ náà wo orí obìnrin kan tí a rò pé kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwòrán náà sì fi kókó náà hàn. Ní ọdún 1979 a fi ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn dá Cormack àti Hounsfield lọ́lá.

Orí ni a kọ́kọ́ wò, nítorí pé a lè mú orí dúró jẹ́ẹ́; àyà kì í dúró, nítorí èémí. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń yí lọ láìdúró dé ní nǹkan bí ọdún 1989, ó di ohun tí a lè fi èémí kan ṣoṣo ṣe, àwòrán àyà sì bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ kedere.

BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́

Ẹ̀rọ CT rí bí táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí a gbé dúró. Ibùsùn tóóró kan wà tí ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Nínú òrùka náà, ohun tí ń tan ìtànṣán wà ní ìhà kan, ohun tí ń gbà á sì wà ní ìhà kejì. Bí ibùsùn ti ń rọra lọ, ìtànṣán ń yí aláìsàn ká, a sì ń wọn iye èyí tí ó gba inú ara rẹ̀ kọjá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Kọ̀ǹpútà a gba gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí, a ṣe ìṣirò lórí wọn, a sì fi àyà hàn ní awẹ́-awẹ́, bí obìnrin ti í gé iṣu kí ó tó gbé e kaná. Awẹ́ kan lè fẹ́lẹ́ tó mílímítà kan. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé iṣu lè dára ní òde kí inú rẹ̀ ti rà, a kò sì lè mọ̀ àfi bí a bá gé e. CT ń gé àyà ènìyàn wò, ṣùgbọ́n ojú ni ó fi ń gé e, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Ẹ̀rọ náà a tún máa fún ohun gbogbo ní nọ́ńbà, èyí tí a fi orúkọ Hounsfield pè. Omi jẹ́ òdo. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 1,000 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ọ̀rá wà ní nǹkan bí 100 ní ìsàlẹ̀ òdo, egungun sì lè ga dé 1,000 lókè rẹ̀. Nípa èyí, oníṣègùn tí ń ka àwòrán lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́, omi, ọ̀rá tàbí ẹran ni ohun tí ó rí. Bí ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró bá ní nọ́ńbà omi, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

OHUN TÍ A FI Ń WÒ

Èkíní ni kókó inú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí X-ray bá fi àmì kan hàn tí kò yé ni, CT a fi bí ó ti tóbi tó hàn, ibi tí ó wà, àti bí ó ti nà dé ara ìhà tàbí ẹ̀dọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà a tún máa fi ṣe amọ̀nà abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú díẹ̀ nínú kókó náà, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 wo àwọn tí ó ju 53,000 lọ, tí wọ́n ti mu sìgá púpọ̀ fún ọdún pípẹ́. Láàárín àwọn tí a fi CT onítànṣán-díẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dọọdún, ikú nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a fi X-ray wò. Kì í ṣe pé kí ẹni tí kò mu sìgá rí máa lọ yà á lọ́dọọdún. Àwọn tí ewu wọn pọ̀ ni ìwádìí náà wà fún.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kí ó gòkè lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Èémí a ṣú u lójijì, àyà a sì máa dùn ún. Èyí lè pa ènìyàn ní wákàtí díẹ̀. Oògùn kan tí ó ní iodine nínú ni a ń fa sí iṣan apá, kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè tàn yanran nínú àwòrán CT, ibi tí ó dí a sì hàn.

Ẹ̀kẹta ni ìjàǹbá. Ẹni tí ó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú, lè ní egungun ìhà tí ó ṣẹ́, afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó gbá jọ yí ẹ̀dọ̀fóró ká, tàbí iṣan ńlá tí ó ya, láìjẹ́ pé egbò kan hàn ní òde. CT a fi gbogbo èyí hàn.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́: àpá tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi sílẹ̀, ọ̀nà èémí tí ó ti fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń gbé inú rẹ̀, tàbí ihò tí èéfín sìgá ti dá sílẹ̀. Obìnrin tí ń yan gàrí lójoojúmọ́ nínú ahéré tí kò ní fèrèsé ń fa èéfín tí í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 tàn káàkiri ayé, CT fi ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn hàn bí dígí tí ìrì bò.

OHUN TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ

Níhìn-ín ni ọ̀ràn wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń rù, tí ó ń làágùn lóru, tàbí tí ó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe CT ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Láti ọdún 1882 tí Robert Koch ti fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ han ayé, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó dájú jù lọ. Lónìí ẹ̀rọ kan wà, GeneXpert, tí í fi èsì rẹ̀ hàn láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ lábẹ́ ètò ìjọba, oògùn náà sì sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà gbáko. Yóò jẹ́ àdánù ńlá bí ènìyàn bá ta èbù rẹ̀ láti ya àwòrán, nígbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ike kékeré ìbá ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ní apá kejì, èyí tí ó ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ́pọ̀, a ti rí i pé àwọn kan tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni a fún ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù púpọ̀, nítorí pé ikọ́, rírù àti ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú méjèèjì, tí òjìji inú X-ray wọn sì jọ ara wọn. Nígbà tí àṣìṣe náà bá fi hàn, kókó ti gbilẹ̀. Nítorí náà, bí a bá yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò tí a kò rí kòkòrò, tàbí bí aláìsàn bá lo oògùn náà déédéé tí ara rẹ̀ kò sì yá, ìgbà náà ni ó yẹ kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ bi dókítà pé, “Ǹjẹ́ kò yẹ kí a ya CT?” Owó tí a bá ná nígbà náà kò ṣòfò.

Kí ó sì yé ni pé CT pàápàá kì í ṣe onídàájọ́ ìkẹyìn. Ó lè sọ pé ohun kan wà níhìn-ín; kò fi ìgbà gbogbo lè sọ orúkọ ohun náà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹran díẹ̀ tí a mú láti ara kókó ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

EWU INÚ ÌTÀNṢÁN

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé CT yóò sun àwọn nínú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Aláìsàn kò ní mọ ìtànṣán náà lára. Ṣùgbọ́n kò tọ́ láti wí pé kò ní ewu kankan. Ilẹ̀, àpáta àti ojú ọ̀run fúnra wọn ń fún olúkúlùkù ní nǹkan bí 2.4 millisievert nínú ọdún kan. X-ray àyà jẹ́ nǹkan bí 0.1. CT àyà jẹ́ nǹkan bí 7, èyí tí í ṣe bí ohun tí ènìyàn ń gbà ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Èyí tí a ń pè ní onítànṣán-díẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.5. Ìtànṣán yìí lè fi díẹ̀ kún ewu pé ènìyàn yóò ní jẹjẹrẹ ní ọjọ́ iwájú. Bí àìsàn bá béèrè fún un, èrè rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ fíìfíì. Bí kò bá sí ìdí, kí a má yà á. Ọmọdé ni kí a ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí pé ìtànṣán ń ṣe ara tí ó ṣì ń dàgbà ní ibi ju ti àgbà lọ.

NÍ ỌJỌ́ TÍ A BÁ FẸ́ YÀ Á

Kí obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lè lóyún, sọ ọ́ kí ó tó wọlé. Bí a óò bá fa oògùn oní-iodine, kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tí ó ní ikọ́ fée, tàbí ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti yọ lẹ́nu rí, sọ ọ́ pẹ̀lú. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀; ìpamọ́ ni ewu.

A óò bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, pínnì àti ohun irin gbogbo tí ó wà ní àyà. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, yóò sì na ọwọ́ méjèèjì sókè orí. A óò wí fún un pé kí ó fa èémí sínú kí ó sì dá a dúró. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ láìmira, nítorí pé àyà tí ó mira a ba àwòrán jẹ́. Bí a bá fa oògùn náà, ara rẹ̀ lè móoru lójijì, ẹnu rẹ̀ lè dàbí ẹni pé ó lá irin, ó sì lè dàbí ẹni pé ó ti tọ̀ sára. Kí ó má bẹ̀rù, yóò kọjá láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń yún un tàbí tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún, kí ó ké sí wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwòrán fúnra rẹ̀ kì í gba ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

KÍ A TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ilé ìwòsàn ńlá ni a sábà ti ń rí ẹ̀rọ yìí, irú ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Oyì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957. Ọ̀nà jìn láti Odo-Owa tàbí Eruku, ẹ̀rọ a sì máa bàjẹ́, iná a sì máa lọ. Kí a kọ́kọ́ fi tẹlifóònù béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, iye tí wọ́n ń gbà, àti ọjọ́ tí a lè wá. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní ọdún 2022 fẹ́ kí olúkúlùkù wà lábẹ́ ètò náà. Ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ kí ó béèrè bóyá owó CT wà nínú ohun tí ètò rẹ̀ yóò san.

Nígbà tí a bá yà á tán, kí a gba ìwé àlàyé dókítà àti àwo tí àwòrán wà nínú rẹ̀, kí a sì pa wọ́n mọ́ níbi tí eku àti òjò kò ti lè dé. Bí a bá tún ya òmíràn lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èyí àtijọ́ ni a óò fi mọ̀ bóyá kókó náà ń tóbi tàbí ó dúró ní ojú kan.

Ní àkótán, ohun márùn-ún ni kí ilé kọ̀ọ̀kan fi sọ́kàn:

1. Ikọ́ tí ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo nìkan dúró tì. Kí a yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò.

2. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti X-ray ni ó ń ṣáájú. CT ń tẹ̀lé e nígbà tí ìdí bá wà.

3. Bí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kò bá ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó lò ó déédéé, kí a má fi ọjọ́ falẹ̀. Kí a béèrè fún CT.

4. Èémí tí ó ṣú ni lójijì lẹ́yìn ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé aláìsàn lọ.

5. Àwòrán kì í wo àrùn sàn. Ó ń fi ọ̀nà han oníṣègùn ni. Ẹni tí ó ya àwòrán tí kò sì pa dà lọ gba ìtọ́jú dàbí àgbẹ̀ tí ó rí ibi tí ẹranko ti ń jẹ oko rẹ̀, tí ó sì pa dà sílé láìdẹ pàkúté.